Kí Odò Ní Ààyè, Kí Ẹsẹ̀ Ní Ọ̀nà

 

Kábíyèsí, Aṣawo ti Ayétẹ̀, àti ẹ̀yin ará ìlú, iṣẹ́ tí ẹ rán mi ni pé kí n wá sọ bí ìlú ṣe lè fọwọ́ ara rẹ̀ la ọ̀nà ẹsẹ̀ lẹ́bàá odò, tí igi á ṣíji bò ó lọ́tùn-ún lósì, tí àgbà lè fi nasẹ̀ nírọ̀lẹ́, tí ọmọdé lè gbà lọ sílé ìwé, tí odò náà á sì máa ṣàn láìsí ẹni tó ń da pàǹtí sí i. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ti máa sọ ọ́ sínú pé eré olówó nìyí, pé kí ló kan Ìbàràpá níbi tí ọ̀rọ̀ títì ọkọ̀ gan-an ò tíì kúrò lẹ́nu wa. Ìbéèrè gidi ni, mi ò ní fi ẹ̀rín bò ó mọ́lẹ̀. Èsì tí mo mú wá ni pé ọ̀nà etídò kò wọ́n bíi títì, kò sì dìgbà tí agbaṣẹ́ṣe bá dé kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ àwọn tó ń rìn ín ló ń là á, ọwọ́ àwọn tó ń ro ó ló ń pa á mọ́. Níbi tí méjèèjì yìí kò bá sí, iye tó wù kí ìjọba ná síbẹ̀, igbó ni yóò jẹ ẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí a tẹ̀dó sí. Odò Ògùn wà ní ìlà-oòrùn wa, Ọ̀yán wà ní ìwọ̀-oòrùn, Ìbàràpá méje sì jókòó sáàárín wọn: Ìgàngán, Tápà, Ayétẹ̀, Ìdèrè, Igbó-Ọrà, Èrúwà àti Lánlátẹ̀. Àwọn odò wẹ́wẹ́ wa, àwọn tí ẹ̀ẹ̀rùn ń gbẹ tí òjò ń jí, inú àwọn àgbà méjì yìí ni wọ́n ń tú sí. Ní 1983 ni wọ́n ṣí ìsédò Ọ̀yán, Abẹ́òkúta àti Èkó sì ń mu nínú omi rẹ̀. Ẹ wo bó ṣe rí: àgbẹ̀ tó fọ agolo oògùn apakoríko sínú odò lẹ́yìn oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lè máa fi í ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ tó ń gbé ní Agége.

Ilẹ̀ ọ̀dàn ni tiwa. Igbó dúdú tó ṣẹ́kù sí wa lọ́wọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ju èyí tó tẹ̀lé ojú odò lọ, níbi tí oparun, ọ̀pẹ, ìyeyè, òro àti àràbà ti ń rí omi mu nígbà tí koríko òkè ti gbẹ. Gbòǹgbò àwọn igi wọ̀nyí ló di bèbè mú. Òjìji wọn ni kì í jẹ́ kí oòrùn oṣù Kejì fa ìwọ̀nba omi tó kù gbẹ kíákíá. Koríko tó wà nísàlẹ̀ wọn ló ń sẹ́ ẹrẹ̀ àti oògùn kúrò nínú àgbàrá kó tó wọ odò. Igbó yìí kan náà ni àwọn tó ń sun èédú fojú sí báyìí, nítorí igi òkè ti tán. Bí wọ́n bá gé e tán, típà tó ń kó yanrìn ló kàn, kò sì sí nǹkan kan níbẹ̀ tó máa dá a dúró. Ọ̀nà etídò tí mo wá sọ, ẹ̀ṣọ́ igbó yẹn ni kó tó di afẹ́ ẹnikẹ́ni. Ojú tó ń kọjá lójoojúmọ́ ló lè rí igi tí wọ́n gé lánàá.

Èyí kì í ṣe nǹkan àjèjì sí wa. Láyé àwọn bàbá wa, ọ̀nà odò ní ẹni tó ni ín. Agboolé kọ̀ọ̀kan mọ ibi tí tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Bí ọjọ́ ọ̀nà yíyẹ bá pé, àdá àti ọkọ́ ló ń sọ̀rọ̀, ẹni tí kò bá jáde á san owó ìtanràn. Wọn kì í fọ aṣọ níbi tí wọ́n ti ń pọn omi mímu, igi kan sì wà tí àáké kì í kàn. Nígbà tí omi ẹ̀rọ dé, a sọ pé a bọ́. A dáwọ́ ọ̀nà odò dúró. Omi ẹ̀rọ náà sì wá ń ṣe ségesège.

Ká má tíì lọ jìnnà. Ìdèrè tí a lè dé kí ẹ̀kọ tó tutù ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí, mo sì fẹ́ ká dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Ní 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn gbé ètò ìlera Ìbàràpá kalẹ̀ ní Igbó-Ọrà, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn fi ń wá gbé láàárín wa. Nígbà tó fi di àwọn ọdún 1980, sòbìà ló ń dá Ìdèrè lóró. Ọ̀nà tí àrùn náà ń gbà kò ta kókó: ẹni tí aràn ń yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ á wọ inú ọ̀gọ̀dọ̀ láti pọnmi, aràn á tú ọmọ sínú omi, kòkòrò tíńtín inú omi á gbé ọmọ aràn mì, ẹni tó bá mu omi náà á ti gbé e sára. Nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn náà ni yóò tó máa yọ, ẹni tó yẹ kó wà lóko á sì dùbúlẹ̀ lórí ẹní. Àwọn àgbà kan gbà pé inú ara ni wọ́n ti bí sòbìà mọ́ ènìyàn, àwọn mìíràn ní ọwọ́ Ṣọ̀pọ̀nná ló wà. William Brieger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn kò wá fi ẹnu bá wọn jà. Àwọn ọmọ ìlú tó yọ̀ǹda ara wọn ni wọ́n kọ́ ní iṣẹ́ ìlera. Àwọn télọ̀ ìlú ló ń rán asẹ́ aṣọ náílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń sẹ́ omi, àwọn ọmọ ìlú kan náà ló ń tà á láti ilé dé ilé. Ọmọ ìlú ló lè bá bàbá àgbà jiyàn lórí sòbìà kí bàbá má bínú kúrò níjòókòó.

Ní nǹkan bí 1988, nígbà tí wọ́n kà á káàkiri Nàìjíríà, àwọn tí sòbìà mú ju 650,000 lọ. Ní 2008 ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn, ní 2013 sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé ó ti tán nílẹ̀ yìí. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ìlú ni, Ìdèrè kọ́ ló dá a ṣe, ṣùgbọ́n Ìdèrè wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ohun tí mo fẹ́ mú níbẹ̀ fún ọ̀nà tiwa ni ìdí ọ̀nà náà, níbi tó ti kan omi. Ibẹ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ tẹ́ òkúta sí, kí ẹni tó ń pọnmi lè dúró lórí rẹ̀, kí ẹsẹ̀ má wọ inú omi tí ẹnu máa mu.

Ẹ jẹ́ ká wá dé Òṣogbo. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ìlú Yorùbá tí kò ní igbó ọ̀wọ̀ ṣọ̀wọ́n. Ọ̀pọ̀ wọn ti di pápá, àwọn kan ti di ilé epo. Igbó Ọ̀ṣun ló dúró jù, hẹ́kítà 75 lẹ́bàá odò, òun náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ. Ní àwọn ọdún 1950, ojúbọ ti ń wó, ọdẹ àti apẹja ń wọ ibi tí kò yẹ kí wọ́n wọ̀, wọ́n ti gbin igi tíìkì sí apá kan, àwọn tó ń ta ilẹ̀ sì ti ń wò ó tìfẹ́tìfẹ́. Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tó dé Nàìjíríà ní 1950, àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ bí Adébísí Àkànjí, Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí àti Kàsálí Àkàngbé ni wọ́n dìde sí i. Sìmẹ́ńtì, amọ̀ àti igi ni wọ́n fi ṣiṣẹ́: wọ́n tún ojúbọ mọ, wọ́n mọ ògiri, wọ́n gbé ère ràbàtà kalẹ̀ sínú igbó. Ní 1965 ni ìjọba sọ apá kan igbó náà di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè, ní 1992 wọ́n mú gbogbo rẹ̀ pọ̀, ní 2005 sì ni UNESCO kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé.

Ìyìn Wenger, tó papò dà ní 2009, kò ní tán lẹ́nu wa. Síbẹ̀, ó dà bíi pé a máa ń sọ ìtàn yẹn kí ó dá lórí obìnrin kan ṣoṣo, ìyẹn ò sì ran ìlú mìíràn lọ́wọ́, nítorí kò sí ìlú tó lè jókòó de Wenger tirẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ kó tó dé, tó sì wà níbẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ni ìrìn. Lóṣù Kẹjọ ọdọọdún, níbi ọdún Ọ̀ṣun, wúńdíá tí wọ́n ń pè ní Arugbá á gbé igbá láti ààfin lọ sódò, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn á tẹ̀ lé e. Ọ̀nà tí Arugbá ń gbà kò gbọdọ̀ dí. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ilé sórí rẹ̀, ojú gbogbo ìlú ni yóò ti kọ́ ọ. Òfin 1965 rí ohun tó dì mọ́ nítorí pé ẹsẹ̀ ti ń rìn níbẹ̀ ṣáájú òfin. (Mo mọ̀ pé mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ pọ̀ níjòókòó yìí. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni bọ odò. Ìrìn ọdún Iléyà lè gba etídò, ti Àjíǹde náà lè gbà á. Kí ìrìn ṣá ti wà.)

Òṣogbo kọ́ wa ní nǹkan kejì, èyí kò dùn. Àwọn tó ń wa wúrà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, lókè odò, ti da omi Ọ̀ṣun rú títí ó fi pọ́n bí omi amọ̀. Ògiri igbó dáàbò bo bèbè, kò lè dá omi dúró lẹ́nu ibodè kí ó yẹ̀ ẹ́ wò. Nítorí náà, bí Ayétẹ̀ bá fẹ́ tọ́jú odò rẹ̀, ó di dandan kí ó bá àwọn tó wà lókè odò sọ̀rọ̀, kí ó sì ro ti àwọn tó wà nísàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọba sí ọba nìyẹn, ó kọjá agbára ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè.

Ẹni tó bá ní kò sí kánjúkánjú, kí ó wo Ìbàdàn. Ìbàdàn jẹ́ kí ilé sún mọ́ odò Ògùnpa títí odò kò fi rí ibi yà sí. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1980, odò náà wá ibi yà sí fúnra rẹ̀, ó gbé ilé, ó gbé ọjà, ó gbé ènìyàn. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ 2011, àgbàrá tún dé, ó pa ju 100 ènìyàn lọ. Inú Yunifásítì Ìbàdàn pàápàá, ìsédò Awba kún àkúnya. Lẹ́yìn èyí ni ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ yá mílíọ̀nù 200 dọ́là lọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé ní 2014 fún ọ̀rọ̀ àgbàrá Ìbàdàn. Ẹ fojú inú wo bó ṣe wọ́n tó láti ra ààyè tí odò ní lọ́fẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀ padà. Ayétẹ̀ ṣì ní ààyè yẹn lọ́fẹ̀ẹ́ lónìí. Olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ìbàràpá ni wá. Ìlú á máa tóbi, ilẹ̀ etídò ló sì máa ń rọ̀ lówó jù fún ẹni tó ń wá ilẹ̀ pọ́ọ́kú.

Ní òkè òkun, àpẹẹrẹ pọ̀, ṣùgbọ́n méjì péré ni mo mú. Odò Bronx kọjá láàárín àdúgbò àwọn tálákà ní New York, àdúgbò tí ọ̀pọ̀ ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń gbé lónìí. Òkú mọ́tò, táyà àti fíríìjì ló kún inú rẹ̀. Ní 1974 ni àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí fà wọ́n jáde. Nígbà tó yá, obìnrin kan, Majora Carter, tajá rẹ̀ fà gba orí ààtàn kan ní Hunts Point, ló rí i pé odò wà lẹ́yìn ààtàn náà. Owó ìbẹ̀rẹ̀ 10,000 dọ́là ló rí gbà. Ibẹ̀ padà di ọgbà mílíọ̀nù 3 dọ́là. Ní 2001, àwọn ẹgbẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ lórí odò náà para pọ̀ di Bronx River Alliance. Ní 2007 wọ́n rí beaver kan, ẹranko omi tó ń fi eyín gé igi, tí wọn kò rí irú rẹ̀ ní ìlú náà fún ohun tó ju 200 ọdún lọ. Wọ́n sọ ọ́ ní José, orúkọ aṣòfin tó ń bá wọn wá owó. Láti 1974 sí 2007 jẹ́ ọdún 33, ọ̀nà tí wọ́n ní lọ́kàn, máìlì 23, kò sì tíì parí nígbà náà. Ẹni tó bá fẹ́ kí gómìnà wá gé ríbọ́ọ̀nù kí ó tó kúrò lórí oyè, iṣẹ́ yìí kọ́ ló yẹ kí ó dáwọ́ lé.

Ìkejì wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí èdè wa ti ń dún nínú ọjà. Odò àtọwọ́dá kan wà níbẹ̀ tí ọkọ̀ ojú omi fi ń kó pákó láti 1826. Nígbà tí èbúté kógbá sílé, wọ́n fa omi rẹ̀ gbẹ ní àwọn ọdún 1970, wọ́n sì sọ ojú rẹ̀ di ọ̀nà ẹsẹ̀ àti ti kẹ̀kẹ́ tó lọ láti ilé ìkàwé Peckham dé Burgess Park. Àwọn ọmọ yín tó wà níbẹ̀ ń gbà á lọ sílé ìwé. Wọn kò tilẹ̀ ní odò mọ́, ọ̀nà náà ni wọ́n ń tọ́jú.

Àwọn kan ti sọ fún mi pé kí a ṣe bíi ti Lẹ́kìí, níbi tí afárá orí igi, 401 mítà, ti ń wu àwọn arìnrìn-àjò láti 2015. Mo ti rí i, ó dára. Ṣùgbọ́n Lẹ́kìí ní Èkó lẹ́yìn, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn tó lè san owó ìwọlé. Afárá irú rẹ̀ ní Ayétẹ̀, lẹ́yìn ọdún mélòó kan irin rẹ̀ á dípẹtà, ẹnìkan á sì wá tú u tà.

Ó wá ku tiwa. Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ ò sọ lójú mi, ó sì wà lọ́kàn yín: ta ló fẹ́ máa rìn lẹ́bàá odò nínú igbó lẹ́yìn ohun tí ojú wa rí? Lóru ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà 2021, agbébọn wọ Ìgàngán, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n jó ilé, wọ́n jó ààfin Aṣígàngán, ọba ìlú náà. Mi ò ní sọ fún yín pé igi gbíngbìn ń lé agbébọn. Ohun tí mo lè sọ ni pé ọ̀nà tí ènìyàn kò rìn mọ́ ni ẹni ibi ń fẹ́. Kí ọ̀nà wa bẹ̀rẹ̀ níbi tí ilé ti ń wo odò, kí ó má tíì wọ igbó jíjìn. Kí a ro abẹ́ igi kí ojú lè ríran, kí a fi àwọn igi ńlá sílẹ̀. Kí àwọn ọdẹ àti ẹ̀ṣọ́ Amọ̀tẹ́kùn jókòó pẹ̀lú wa láti ìgbà tí a bá ń wọn ọ̀nà, kí wọ́n sọ ibi tí wọ́n fẹ́ kó gbà. Wọ́n mọ igbó yẹn ju èmi lọ.

Ti màlúù náà ń bẹ. Òfin ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti 2019 ní kò gbọdọ̀ sí ìdaranjẹ̀ káàkiri, ṣùgbọ́n òfin kì í fún ẹran lómi mu lẹ́ẹ̀rùn. Àwọn tó ń sin màlúù wà láàárín wa tí a ti jọ ń gbé láti ọjọ́ pípẹ́. Bí a bá yan ibì kan fún wọn nísàlẹ̀ odò, lẹ́yìn ibi tí a ti ń pọn omi, tí a tẹ́ òkúta sí i, bèbè tó kù á sinmi. Bí a kò bá yàn án, ibi gbogbo ni wọn yóò máa gbà.

Ọ̀nà fúnra rẹ̀ kò le. Yangí wà nílẹ̀ yìí ju ohun tí a nílò lọ. Kí ó fẹ̀ tó kí ẹni méjì tó ru ẹrù lè ya ara wọn láìfara kanra, kí òpó wà lẹ́nu rẹ̀ kí ọ̀kadà má baà wọlé. Kí ó jìnnà sí ẹnu bèbè, ó kéré tán ogún ìṣísẹ̀, nítorí bèbè ń wó. Níbi tó bá da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí a gbé ìtì igi sùn lábùú rẹ̀ kí àgbàrá lè yà sígbó, kó má sọ ọ̀nà di kòtò. Ààlà rẹ̀ kò nílò òpó kọnkéré: pèrègún àti akòko la ti ń fi sàmì sí ilẹ̀ tí a kì í tà. Ẹ gé ẹ̀ka wọn rì í mọ́lẹ̀ nígbà tí òjò bá kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀, kò ná wa ní kọ́bọ̀. Oṣù Kejìlá ni kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọ Ayétẹ̀ ń ti Èkó, Ìbàdàn àti òkè òkun bọ̀ wálé. Kí wọ́n mú ọjọ́ kan nínú ọjọ́ àríyá, kí wọ́n mú àdá.

Ilẹ̀ ló le. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 lè fi ilẹ̀ sábẹ́ gómìnà, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ ẹni tí à ń tọ̀ lọ bí a bá fẹ́ gbin ata. Ilẹ̀ etídò ní ẹbí tó ni ín, àwọn kan sì ń fi àkùrọ̀ rẹ̀ gbin ẹ̀fọ́ àti àgbàdo lẹ́ẹ̀rùn. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, ibẹ̀ ni owó ilé ìwé ọmọ wọn ti ń wá. Bí ọ̀nà yìí bá gba àkùrọ̀ lọ́wọ́ wọn, a ti ba nǹkan jẹ́. Ìmọ̀ràn mi ni kí ilẹ̀ ṣì jẹ́ ti ẹbí, kí ìlú gba ẹ̀tọ́ ìrìn nìkan, kí èso òro, ìyeyè àti ọ̀pẹ tí a bá gbìn sí i jẹ́ ti ẹbí tó ni ilẹ̀, kí ọ̀nà yà gba òkè níbi tí àkùrọ̀ bá wà, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú Kábíyèsí kí ẹnikẹ́ni tó gbé ọkọ́.

Àwọn tó ni àkùrọ̀ wà níjòókòó níbí, mo rí wọn lápá òsì gbọ̀ngàn yìí. Bí Kábíyèsí bá yọ̀ǹda, ẹ jẹ́ kí àwọn kọ́kọ́ sọ ibi tí ọ̀nà kò gbọdọ̀ gbà, kí àwa yòókù tó máa dá sí i.